Ìbuwọ́lù àbí Fọ́tò: Èwo Ni Kí Ẹni Tó Ń Lọ Fúngbà Àkọ́kọ́ Sanwó Fún?

Àbúrò mi kan ń kúrò ní Òṣogbo lọ kàwé ní Texas, ó sì ti pinnu láti lọ sí Texas Frightmare Weekend, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ fíìmù adẹ́rùbani tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006. Owó ẹnu ọ̀nà kò kan ìbuwọ́lù òṣèré, kò sì kan fọ́tò. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san ìkọ̀ọ̀kan.

Fọ́tò kì í pẹ́. Wọ́n á dá àkókò fún ọ, wàá tò, wàá dúró ti òṣèré, kámẹ́rà á kọ mànà, ó parí. Bí òṣèré bá máa wọ aṣọ àti ìbòjú tó fi ṣeré, fọ́tò yẹn tó owó rẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìdí tábìlì ìbuwọ́lù ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo Robert Englund, tó ṣe Freddy Krueger, apànìyàn inú àwọn fíìmù A Nightmare on Elm Street, láti 1984 títí di 2003. Ìpara ojú rẹ̀ máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó ya fíìmù. Àwa tí a máa ń jókòó jiyàn lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Fìà, ta ni kò ní fẹ́ bi í léèrè fúnra rẹ̀? Bí ó ti ń buwọ́ lu àwòrán lo lè kí i, kí o sì béèrè. Ọdún 1947 ni wọ́n bí i, àgbà ni, torí náà kí i dáadáa ná. Béèrè ohun kan péré. Èrò wà lẹ́yìn rẹ.

Kí o ní owó kéèṣì lọ́wọ́ ṣe pàtàkì níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni àpò rẹ gbà, tábìlì ni kí o yàn.