Gibson ES-330 ti Ọdún 1964: Bí Ó Ṣe Ń Dún àti Bí Ó Ṣe Rọrùn Lábẹ́ Ìka

Kí n tó ki wáyà bọ gìtá yìí rárá ló ti ń dún. Ní Kalamazoo, ìpínlẹ̀ Michigan, ni wọ́n ti ṣe é. Bí mo bá fi àtàǹpàkò ta okùn tó nípọn jù nínú yàrá tó dákẹ́, pákó ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbọ̀n mọ́ mi láyà.

Ìrísí rẹ̀ jọ ti ES-335, gìtá Gibson mìíràn, ṣùgbọ́n inú wọn yàtọ̀. ES-335, tó jáde ní 1958, ní ìtì igi tó la àárín inú rẹ̀ já. ES-330, tó tẹ̀ lé e ní 1959, ṣófo pátápátá. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́ léjìká, tí ìró rẹ̀ fi ń tètè jáde, tó sì ń tètè rọlẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà, nítorí pé bí mo bá ta okùn mẹ́rin pa pọ̀, kò sí èyí tó ń bo èkejì mọ́lẹ̀.

Pickup P-90 méjì ló ní, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ìró okùn lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, èyí tó sún mọ́ ọrùn ni mo sì ń lò jù. Bí mo bá dín ìmú ohùn rẹ̀ kù díẹ̀, ohùn náà á ki, á sì tutù, síbẹ̀ n óò ṣì máa gbọ́ èékánná mi lára okùn. Àwọn pickup náà ń kùn díẹ̀ o, nítorí pé ìdì wáyà kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Okùn rẹ̀ kò gùn púpọ̀, nǹkan bí ínṣì 24¾, nítorí náà kò le koko lábẹ́ ìka. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bíi fret (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) kẹrìndínlógún ni ọrùn ti so mọ́ ara, ẹni tó fẹ́ràn ìró òkè téńté yóò máa wá àyè fún ọwọ́ rẹ̀. Ti èmi tún ti gbó: àwọn fret ìsàlẹ̀ ti jẹ lábẹ́ okùn kìíní àti èkejì, níbi tí àwọn tó lò ó ṣáájú mi ti ń tẹ̀ jù, ìró ibẹ̀ sì ń ha títí oníṣẹ́ fi bá mi pààrọ̀ wọn.

Ìṣòro rẹ̀ tó tóbi jù ni igbe. Bí amplifier, ẹ̀rọ agbóhùnsókè náà, bá lọ sókè jù, ohùn rẹ̀ á mi pákó iwájú, pákó á mi okùn, pickup á tún gbé e padà sínú amplifier, títí yóò fi di híhan gooro. Àwọn kan máa ń fi fóòmù dí ihò méjèèjì tó wà lójú rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba díẹ̀ nínú ohun tí mo torí ẹ̀ rà á. Ẹni tó ń ṣeré pẹ̀lú ìlù ńlá lórí pèpéle, ES-335 ni kó rà. Ẹni tó ń ta gìtá lẹ́yìn akọrin kan, tàbí tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá, kó wá èyí, kó sì yẹ fret rẹ̀ wò dáadáa kó tó sanwó.