Lọ́yà tó bá mi rí sí páàsípọ́ọ̀tì mi nígbà tí ẹ̀sùn wà lọ́rùn mi

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún lọ́yà yìí, Òṣogbo níbí ló wà. Aláró ni mí, Accra ní Gánà ni mo sì máa ń kó àdìrẹ lọ. Owó àjọ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹnìkan nínú wa kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé mo kówó jẹ. Wọ́n pè mí, mo kọ sítétímẹ́ǹtì, wọ́n gba béèlì mi. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sẹ́ni tó gbé mi dé kóòtù. Àárín ìyẹn ni ọdún márùn-ún páàsípọ́ọ̀tì mi pé.

Ajẹ́ǹtì kan lọ́nà Ọlá-Ìyà gbọ́, ojú rẹ̀ dán. "Màmá, orúkọ yín ti wọ kọ̀ǹpútà wọn, ẹ jẹ́ n bá yín yọ ọ́." Owó tó pè ju ti páàsípọ́ọ̀tì gan-an lọ! Mo ní mò ń bọ̀. Ó ṣì ń retí mi.

Ohun tí lọ́yà kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Màmá, ta ló ti dá yín lẹ́bi?" Ó ṣí ìwé òfin 1999 fún mi: abala 36(5) ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí ẹ̀bi rẹ̀ á fi fìdí múlẹ̀, abala 41 ní ọmọ Nàìjíríà lè jáde kó sì wọlé. Ó tún sọ ti Olisa Agbakoba, lọ́yà ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, tí àwọn aláàbò gba páàsípọ́ọ̀tì rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó ní 1992, nígbà tó ń lọ sí Netherlands. Ó bá wọn ṣẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì dá a láre ní 1999.

Kò fi oyin sí i fún mi, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Abala 41 yẹn náà ló gbà kí òfin dá ẹni tí ìfura tó nídìí wà lórí rẹ̀ dúró, kó má baà sá kúrò nílùú. Òfin páàsípọ́ọ̀tì ti 1985 sì fún mínísítà lágbára láti gbà á padà nítorí ire ará ìlú. Bí kóòtù bá ní kí èèyàn fi páàsípọ́ọ̀tì sílẹ̀ kó tó gba béèlì, kóòtù yẹn náà lèèyàn á padà lọ bẹ̀. Ẹni tó bá lọ kọ ọ́ pé ó sọnù ti fi ẹ̀sùn tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Béèlì ọlọ́pàá lèmi gbà, kò sì sí àṣẹ kóòtù kankan, ló bá kọ lẹ́tà kan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ọmọ mi obìnrin ló kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a fi NIN sí i, a san ₦100,000 fún olójú-ewé 32, iye tó dé láti oṣù kẹsàn-án 2025. (Olójú-ewé 64, ọlọ́dún mẹ́wàá, ₦200,000 ni.) Lọ́jọ́ ìtẹ̀ka, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ẹjọ́. Ìka mi ni ẹ̀rọ kọ̀! Aró àti kọ́sítíìkì ti jẹ ìlà orí rẹ̀. Ọmọ tó jókòó síbẹ̀ fi aṣọ tútù nu àtàǹpàkò mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ó ní, "Ẹ rọra, Ìyá, ẹ má mì," títí iná aláwọ̀ ewé fi tàn.

Lẹ́tà lọ́yà ò jáde nínú báàgì mi, mo sì sanwó rẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí, mo fi sùn dáadáa. Ohun tó gba ìràwọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kò sọ owó ìjókòó fún mi kí n tó jókòó. Ó tún ní bí wọ́n bá gbé mi dé kóòtù, kí n pe òun kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Kó kọ́kọ́ máa gbé fóònù ná.