Dúró sí kíláàbù kan, àbí kí o ṣí lọ? Ẹ wo Marek Hamšík

Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù kì í yé béèrè èyí. Hamšík, agbábọ́ọ̀lù àárín ọmọ Slovakia, tọ́ méjèèjì wò.

Ó lo ọdún méjìlá ní Napoli, ní Italy, láti 2007 sí 2019: ìdíje 520, góòlù 121. Ní oṣù Kejìlá 2017 ló gbá góòlù 116 wọlé, tó sì kọjá Maradona tó ní 115. Orúkọ tí owó ò lè rà nìyẹn! Ṣùgbọ́n Coppa Italia (ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Italy) méjì àti Supercoppa kan ló gbà níbẹ̀, kò gba líìgì. Napoli wá gba líìgì ní 2023, ó ti lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Ṣíṣí lọ ńkọ́? Ní Dalian, ní Ṣáínà, kò gba ife kankan. Oṣù díẹ̀ ló lò ní Göteborg, ní Sweden. Àmọ́ Trabzonspor fún un ní líìgì Turkey ní 2022, èyí tí wọn ò rí gbà láti 1984.

Bí kóòṣì bá fọkàn tán ọ, tí o sì ṣì kéré, dúró. Bí o bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ife líìgì ṣì ń wù ọ́, dìde.