Táǹkì Lítà 60 tàbí Lítà 300 fún Ọ̀sìn Iyùn Òkun

Ẹni tó bá fẹ́ sin iyùn òkun (coral, ẹ̀dá alààyè inú òkun) nínú ilé sábà máa ń rò pé táǹkì gíláàsì kékeré ni yóò rọrùn jù, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n omi tí kò tó nǹkan ni ipò rẹ̀ ń tètè yí padà. Iyọ̀ tó bá iyùn lára mu jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà omi kan. Bí lítà 2 bá gbẹ kúrò nínú táǹkì lítà 60, iyọ̀ kò bá a lọ, yóò sì ga dé nǹkan bíi gíráàmù 36.2 nínú lítà kan, ṣùgbọ́n nínú táǹkì lítà 300, kò ní kọjá 35.3. Lóòótọ́, omi tó ń gbẹ lójú táǹkì ńlá lójúmọ́ pọ̀ jù, síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ìyípadà ń dé bá a.

Fún Acropora, irú iyùn kan tó ń fa kálísíọ́mù inú omi láti fi kọ́ egungun rẹ̀, tí kò sì fẹ́ ìyípadà òjijì, lítà 300 ni mo fara mọ́. Zoanthus, irú mìíràn tí àwọn olọ́sìn iyùn máa ń sìn, kò ní egungun líle bẹ́ẹ̀, ó sì lè gbé inú lítà 60 dáadáa, níwọ̀n ìgbà tí a bá ń fi omi tí kò níyọ̀ dí èyí tó gbẹ.

Ẹrù iṣẹ́ táǹkì ńlá kò kéré o: omi rẹ̀ nìkan wúwo ju kílò 300 lọ, nítorí náà kí ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ́kọ́ bi bírìkìlà léèrè bí ilẹ̀ yàrá náà yóò bá lè gbà á.