Apá méjì lọ́sẹ̀, tàbí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ eré Kòríà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Alẹ́ Sátidé àti Sọ́ńdè ni tvN, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Kòríà, ń gbé eré ìfẹ́ Crash Landing on You jáde, láti oṣù Kejìlá 2019 títí di oṣù Kejì 2020. Apá 16 ni. Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń gbóná láàárín ọ̀sẹ̀: ṣé Jeong-hyeok á tún fojú kan Se-ri, olólùfẹ́ rẹ̀, báyìí? Lójú tèmi, ìdúró yẹn gan-an ló dùn jù, bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ tí wọn ò tíì bù.

Squid Game, eré ìpànìyàn, ńkọ́? Netflix da apá 9 sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, 17 oṣù Kẹsàn-án 2021. Ẹni tó ní dátà lè parí rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Àmọ́ ta lẹ fẹ́ bá jíròrò? Ẹnì kan ṣì wà ní apá kẹta, ẹlòmíì ti mọ ẹni tó kú. Àbúrò mi sọ ìparí rẹ̀ fún mi. Mi ò tíì dárí jì í.

Eré ìfẹ́, ẹ fún mi ní méjì lọ́sẹ̀. Ti ìpànìyàn ni kí wọ́n dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àyà mi ò gba ìdúró ọjọ́ méje.