Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan l'Òkèṣà tó gba láptọ́ọ̀pù mi lọ́wọ́ format

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì àti agbègbè ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́ n ráyè, ṣùgbọ́n mo ti pinnu lọ́kàn mi pé màá sọ ohun tí bọ̀ọ̀dá kan tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe l'Òkèṣà ṣe fún mi káwọn èèyàn gbọ́, torí látìgbà tí mo ti ń gbé kọ̀ǹpútà kiri lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, n ò tíì rí irú ẹ̀.

Ìwòròkò ni mo wà, mò ń táìpù, mò ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì ń bá àwọn ọmọ yunifásítì fíìlì fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láptọ́ọ̀pù mi ló wà níwájú, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà lẹ́yìn, ara láptọ́ọ̀pù ni mo so printer mọ́, MiFi kan náà (ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì) ni gbogbo wọn ń lò. Windows 10 ni mò ń lò tẹ́lẹ̀, nígbà tí Microsoft wá ní láti October 14, 2025 àwọn ò ní máa fi àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí i mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, mo ní ó yá, kí n bọ́ sórí Windows 11. Mo fi í sílẹ̀ lóru kan kó máa ṣe update ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ mọ́, fáìlì mi pé, gbogbo nǹkan dà bí ẹni pé ó dáa, àfi àmì asà kékeré tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún tó gbé X pupa sórí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní firewall mi ti kú. Mo ní kó tan án, kò tan, ó wá kọ 0x80070422 síwájú mi. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tan, nọ́ńbà yẹn náà ló ń gbé wá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, firewall ni ọlọ́dẹ tó dúró lẹ́nu géètì kọ̀ǹpútà, òun ló ń bi ohunkóhun tó bá fẹ́ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé pé ta ló rán an wá. NIN àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ mi, èsì ìdánwò wọn wà lọ́wọ́ mi, project ọmọ ọlọ́mọ wà lórí ẹ̀. Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ (n ò ní dárúkọ wọn), ẹni tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ jókòó tó fi sọ pé format ni, ìyẹn ni pé kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ kí wọ́n tún Windows fi sí i, ₦15,000, kí n lọ kó fáìlì mi sórí hard disk kí n tó padà wá. Mo bi í pé ṣé kò sọ́nà míì ni, ó ní tí n ò bá fẹ́ format kí n kàn máa lò ó bẹ́ẹ̀, pé firewall ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Ẹni tí àwọn èèyàn ń gbé ẹrù wọn fún ò gbọ́dọ̀ máa sọ irú ẹ̀.

Kọ́sítọ́mà mi kan ló júwe Òkèṣà fún mi. Ẹ ò ní rí sígínbọ́ọ̀dù ńlá kankan o, pákó ni wọ́n fi kọ ọ́ síta pé àwọn ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, ìyá kan tó ń ta uyán ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìró odó ni ẹ ó máa gbọ́ títí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá yẹn ò fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìbéèrè ló ń bi mí. "Mà, kí lẹ ń ṣe lórí ẹ̀ kó tó di pé ó ṣe update? Ṣé ẹ ti fi antivirus kankan sí i rí?" Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ó tó ọdún méjì sẹ́yìn tí ẹnì kan bá mi fi antivirus olówó, èyí tó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà, sí i, owó ẹ̀ tán, mi ò san òmíràn, mo kàn wá fólídà ẹ̀ mo sì pa á rẹ́ fúnra mi. Ó ní "Ẹ ṣé mà, ẹ ti bá mi ṣe ìlàjì iṣẹ́."

Ó tẹ services.msc, gbogbo àwọn nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Windows tò kalẹ̀, ó yí ojú ẹ̀ sọ́dọ̀ mi kí n lè máa wò ó. Ó ní kí firewall dìde, ó kọ Error 1068. Ó ṣàlàyé fún mi pé firewall ò lè dá dúró, ẹnì kan ló ń gbé e dúró, orúkọ onítọ̀hún ni Base Filtering Engine, tí ìyẹn bá sùn kò sí bí firewall ṣe fẹ́ jí. Ó lọ bá a níbẹ̀, lóòótọ́ Disabled ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀. Ó yí i sí Automatic, ó tan án, firewall náà sì tàn lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti fẹ́ máa yọ owó. Bọ̀ọ̀dá ní kí n dúró. Ó pa láptọ́ọ̀pù, ó tún un tan, firewall tún ti kú. Ó ní ìdí nìyí tó fi máa ń pa á kó tún un tan lójú ẹni tó ni ín, ká ní òun ti gbowó, ọ̀nà Ìwòròkò lọ́hùn-ún ni ì bá kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ajẹkù antivirus yẹn ló ń pa á. Fólídà ni mo pa rẹ́, ìyókù ẹ̀ ṣì fara pamọ́ sínú Windows, ó ń sọ fún un pé òun lòun ń ṣọ́ géètì, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Bọ̀ọ̀dá wá irinṣẹ́ tí àwọn tó ṣe antivirus náà fúnra wọn ṣe láti fi kó ìdọ̀tí wọn, ó fi gbá gbogbo ẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ló ṣe DISM tó ń tún ara Windows ṣe látorí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà tiẹ̀ ló sì lò, kò béèrè kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ó dé 62.3% ó dúró gbagidi. Àyà mi já. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ibẹ̀ ló máa ń dúró sí, ẹni tí ò bá ní sùúrù ló máa pa á níbẹ̀ táá sì ba nǹkan jẹ́. Wọ́n mú iná lọ lẹ́nu ẹ̀, bátìrì ló gbé e dé òpin. Ìgbà tó wá ṣe sfc /scannow tó ń yẹ fáìlì Windows wò, ó rí fáìlì tó ti bàjẹ́, ó sì tún gbogbo wọn ṣe.

Bí a ṣe ń retí ẹ̀ ni mo sọ fún bọ̀ọ̀dá ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí, pé firewall ò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n má gbà á gbọ́ o. Ó ní ṣé mo rántí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà ti May 2017, tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa tó ń béèrè owó, tó wọ àwọn ọsibítù ìjọba ní Ìlú Ọba títí wọ́n fi ń dá aláìsàn padà sílé. Port 445, ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì fún ara wọn, ló ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti March ọdún yẹn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó bá kó o, àwọn tó kù tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà wà nínú ewu. Mo ro ti kọ̀ǹpútà mi tó wà lẹ́yìn, mo ro ti àwọn ọmọ tí mo máa ń fún ní MiFi mi, ara mi bù máṣọ.

Kó tó da òfin firewall padà sí bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ kó èyí tó wà tẹ́lẹ̀ sórí flash fún mi. Mo délé, mo rí i pé kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn ò rí printer mọ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì kò gbé e, inú mi ò dùn sí i, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ló pè mí padà, ó tọrọ àforíjì, ó ní kí n wo Wi-Fi mi bóyá Public ni wọ́n kọ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní Windows rò pé ìta gbangba ni mo wà ni kò ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kejì rí tèmi, kí n yí i sí Private. Mo yí i, printer jáde.

₦6,000 ló gbà. Ẹ ò ní rí rìsíìtì gbà, ẹ bi í kó kọ ọ́ sórí ìwé fún yín. Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ó tó wákàtí mẹ́rin tí mo fi jókòó, àga méjì péré ló wà, ooru ibẹ̀ sì ga, ó yẹ kó wá nǹkan ṣe sí ìyẹn.

Tí tiyín náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó bá gbé wá sílẹ̀, ẹ má sì fi ọwọ́ pa antivirus rẹ́ bí mo ṣe ṣe. Ó tún ní tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí 10 bọ́ sórí 11, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ní láti padà sí èyí tẹ́lẹ̀ láìsọ fáìlì nù, ẹ má jẹ́ kó kọjá lórí yín kẹ́ ẹ tó lọ. Tẹ́ ẹ bá ń ti Fájuyì bọ̀, ẹ sọ̀ l'Òkèṣà, ẹ béèrè ìyá oníuyán, ibi tí wọ́n bá ti ń gún un ni kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, torí tó bá ti di ọ̀sán àwọn ọmọ Poly ti kún àga méjèèjì.