Mo fi iye tí mo rí lórí fóònù wé owó mẹkáníìkì: ohun tí ojú mi rí ní Maryland

Dọ́là 812! Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà pè é báyẹn, kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí. Bíárìn ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni o, irin tí táyà fi ń yí, lára Camry tí mo ra ní 2011. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ń kùn hùn-ùn bí mo bá ti sáré kọjá máìlì 40 ní wákàtí kan.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ṣí ojú òpó tó máa ń díwọ̀n owó àtúnṣe ọkọ̀, mo kọ irú ọkọ̀, ọdún rẹ̀ àti zip code mi, ìyẹn nọ́ńbà àdúgbò mi, sí i. Dọ́là 318 sí 436 ló gbé jáde, ó ya owó páàtì sọ́tọ̀, ó ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìbéèrè tó yẹ kí n bi í: "Wákàtí mélòó lẹ kọ?" Ó ní mẹ́rin, dọ́là 150 wákàtí kan. Wákàtí kan àbọ̀ ni ojú òpó kọ. Mo na fóònù sí i. Ó ní, "Kí fóònù yín bá yín tú u nígbà náà." Èmi tí mo ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, tí n kò tíì fojú kan oorun! Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo gba kọ́kọ́rọ́ mi.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ọmọ Ìjẹ̀bú kan ní Hyattsville ni mo gbà lọ. Ó fara balẹ̀ ka fóònù mi tán. "Àǹtí, owó yìí dáa, àmọ́ kò ka iyọ̀ kún un." Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ló ń sọ, òun ló ń mú bóòtù tó de páàtì mọ́ ọkọ̀ dípẹtà. Ó kọ dọ́là 376.10 sílẹ̀ fún mi, owó orí 6% tó wà lórí páàtì ti wà nínú rẹ̀.

Ní aago méjì ọ̀sán ó pè mí. Nínú bóòtù mẹ́rin, méjì kò mì. Ó ti fọ́n epo sí i, ó ti fi iná yá a, wákàtí kan ló kù, dọ́là 120. "Ṣé kí n máa bá a lọ, mà?" Òfin Maryland ni pé bí iṣẹ́ bá ju dọ́là 50 lọ, tí o sì ní kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fi ju 10% lé e láìgba àṣẹ rẹ. Mo ti múra ìjà, àfi bó ṣe fi fọ́tò ránṣẹ́: orí bóòtù náà ti pọ́n, ó ti jẹrà, kò ní igun mọ́. Ara mi wálẹ̀.

Bóyá ọmọkùnrin tó wà ní káńtà yẹn ti ka ìpẹtà mọ́ wákàtí mẹ́rin tirẹ̀. Kí ló dé tí kò là á yé mi? Ojú òpó náà ni mo wá ń bínú sí. Ó gba zip code mi, ó mọ̀ pé ibi tí yìnyín ti ń já bọ́ ni mò ń gbé, kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa iyọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tín-ín-tín, ló kọ ọ́ sí pé owó orí kò sí nínú iye náà.

Nígbà tí mo lọ gbé ọkọ̀, mo béèrè bíárìn àtijọ́. Bọ̀ọ̀dá gbé e lé mi lọ́wọ́, mo yí i: ó ń há rìkìrìkì, bí iyanrìn tó wọ àárín eyín. Mo san dọ́là 496.10.

Mo fún mẹkáníìkì náà ní ìràwọ̀ 5 nínú 5. Apá ọ̀tún nìyẹn o. Ti òsì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kùn díẹ̀díẹ̀, mo sì ti ṣí ojú òpó náà wò lálẹ́ àná.